Iyọ̀ Àdúrà Tí Mo Dà Sínú Omi Àrìdan

Ọjọ́ tí mo rí èèkàn ìjọba láàárín kòkó Ìyá Orímisàn ní abúlé Ajue ni mo mọ̀ pé iyọ̀ tí mo dà ti di ọ̀ràn. Títí di ọjọ́ náà, mo rò pé omi inú abọ́ lásán ni mo bà jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má béèrè orúkọ mi. N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ìyá náà tún gbé ìgbín wá fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì tún dúpẹ́. Ìgbín ń lọ lọ́nà ọ̀fun mi, ọpẹ́ yẹn ni kò lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira ni, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń rán àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ìgbèríko. Èmi ni mò ń tọ́jú ilé àlejò ìjọba ní Odigbo. Wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn pé kó ṣèwádìí igi àrìdan. Gbogbo wa la mọ àrìdan. Àwọn ìyá wa ń fi èso rẹ̀ se ọbẹ̀ fún ìyá ọmọ tuntun, wọ́n sì ní òórùn rẹ̀ ń lé ejò. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá yìí ń wá yàtọ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá omi èso náà lè pa àwọn ìgbín wẹ́wẹ́ inú odò tó ń kó àtọ̀sí ajá, àìsàn títọ ẹ̀jẹ̀, ran àwọn ọmọ wa. Iṣẹ́ gidi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo kórìíra rẹ̀.

Ó ṣa èso lábẹ́ oríṣiríṣi igi, ó gún un, ó rẹ ẹ́ sínú omi, igi kan sí abọ́ kan. Ó ní kí n fọwọ́ rò wọ́n pọ̀ dáadáa kí òun tó da ìgbín sí i.

Fífi ọwọ́ rò yẹn ló dẹ́rù bà mí. Ará ilé àdúrà ni mí, a kì í fọwọ́ kan nǹkan olóògùn. Èyí tó tún wá burú jù ni abọ́ tí èso igi Ajue wà nínú rẹ̀. Ọdẹ ni ọkọ Ìyá Orímisàn kó tó kú, ara igi yẹn, tó wà láàárín oko kòkó wọn, ló máa ń so gbogbo oògùn rẹ̀ kọ́. Mo sáré tọ wòlíì wa obìnrin lọ.

Ó ní, "Ṣé o ti tọwọ́ bọ̀ ọ́?"

"Rárá o, Mà."

"Ọlọ́run ló yọ ọ́." Ó gbàdúrà sí iyọ̀, ó dì í sínú ewé fún mi. "Bù ú wọ́n ibi tí ẹ̀rù ti ń bà ọ́. Díẹ̀ ni o."

Díẹ̀ kọ́ ni ẹ̀rù mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà sínú abọ́ Ajue. Mo ṣe Àmín, mo sì fi ọkàn balẹ̀ rò ó. Ọmọdé kékeré mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ìgbín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ojora kò jẹ́ kí n rántí.

Nínú àwọn abọ́ yòókù, ìgbín ń rìn kiri bí ẹni tó wá nájà. Nínú ti Ajue, wọ́n yọ ìfófòó, wọ́n sì kú kí omi tíì ọ̀gá tí mo gbé kaná tó hó. Ọ̀gá fò mọ́ mi lọ́rùn. Nígbà tó da omi náà síta, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò sáré dé, wọ́n ń kan ara wọn nítorí àtilá ilẹ̀ ibẹ̀.

Ọ̀gá pariwo, "Ṣé o rí i? Ewúrẹ́ pàápàá mọ igi tó dára!"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí ewúrẹ́ fẹ́ràn. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ẹ rántí bí ìlú ṣe gbóná nígbà náà. Bí ewúrẹ́ bá jẹ ewé lọ́gbà ìjọba, wọn á bi í pé ẹgbẹ́ òṣèlú wo ló rán an. Kí ni wọn ì bá ṣe fún ẹni tó da iyọ̀ síṣẹ́ ìjọba?

Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi wá kan èèkàn. Wọ́n ní wọn yóò gé kòkó Ìyá Orímisàn kúrò, wọn yóò sì fi irú àrìdan rẹ̀ gbin oko ìjọba síbẹ̀. Ìyá náà fẹsẹ̀ rìn wá láti Ajue.

"Ọ̀gá, igi kan lẹ wá wò. Kí ni kòkó mi ṣe fún yín?"

"Mama, ìjọba á fún yín lówó."

"Ṣé owó yẹn á so lọ́dún tó ń bọ̀?" Ó yíjú sí mi. "Ìwọ tí ò ń ṣàdúrà, bá mi bẹ Ọlọ́run. Mi ò ní oko míràn."

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo lọ bá ọ̀gá nírọ̀lẹ́ pé, "Sà, ṣé kò yẹ kí àwọn ọ̀gá ńlá wá fojú ara wọn rí iṣẹ́ yín?" Inú rẹ̀ dùn. Ó ní mo ní làákàyè.

Ọ̀gá ńlá dé láti Ìbàdàn, wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò fọwọ́ kan nǹkankan. Omi tíì hó títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ìgbín Ajue ṣì ń rìn. Ọ̀kan gun etí abọ́, ó na ìwo sí ọ̀gá ńlá.

Òógùn bo ọ̀gá wa. Ó ní, "Ẹ dúró sà, àwọn ewúrẹ́ mọ̀ ọ́n." Ó bu omi náà síwájú wọn. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sín, wọ́n sì yí ìdí sí wa.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbín gbogbo abọ́ ti kú bákan náà. Ọ̀gá ńlá ní àrìdan ń pa wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi Ajue kò ju igi yòókù lọ, kí wọ́n fa èèkàn tu. Wọ́n gbé ọ̀gá wa lọ sí ìlú míràn tó jìnnà. Nígbà tó ń wọ mọ́tò, ó di ọwọ́ mi mú. "Ìwọ nìkan ló gbà mí gbọ́," ló wí. Ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá ń ka èyí, kó dárí jì mí.

Ìyá Orímisàn fúnra rẹ̀ ló fa èèkàn náà tu. Igi èèkàn yẹn ló fi dáná, ó fi se ìgbín oko ńláńlá, ó ní kí n wá jẹun, nítorí àdúrà mi ló gbà á. Ó bu ọ̀kan sí mi lẹ́nu.

"Tọ́ ọ wò, ọmọ mi. Ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ọgbọ́n, ṣé ó tíì pẹ́ jù kí n dá a lóhùn? Lọ́jọ́ náà, ẹnu mi kún. Orí nìkan ni mo mì.