Èmi Ni Mo Lé Ọkùnrin Adójútòfò, Kì Í Ṣe Ìyá Yín

Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, ẹ yé pè mí ní ìyá rere. Orúkọ yẹn ń bí mi nínú! Ilẹ̀ ti ń pè mí, irọ́ tí mo fi tọ́ yín dàgbà ò sì gbọdọ̀ bá mi wọ inú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù tí bàbá yín ti ń ṣe àga tìmùtìmù jó kanlẹ̀, a ò sì rí kọ́bọ̀ gbà. Wọ́n ní ìyá yín ló lé adójútòfò, ẹni tí à ń sanwó fún kó lè san án padà bí òfò bá dé. Irọ́ ni! Èmi arúgbó yìí ni. Ìyá yín ló tiẹ̀ dá a lábàá. Ó ní, "Màmá, fóòmù la kó kan àjà yìí, gọ́ọ̀mù ló kún inú agolo. Bí iná bá ta sí i pẹ́nrẹ́n, kí la máa fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká san owó adójútòfò." Bàbá yín ń mirí bí alángbá. Orí tó ń mì yẹn ló dùn mí! Ọmọ tí mo pọ̀n, obìnrin ló wá ń bá a ronú. Mo ní, "Ẹni tó ń sanwó de iná, iná ló ń ránṣẹ́ pè." Ìyá yín rẹ́rìn-ín: "Màmá, ṣé ẹni tó ra agbòjò ló ń pe òjò ni?" Mo ka ẹ̀rín yẹn sí ìwọ̀sí.

Ọjọ́ tí ọkùnrin adójútòfò náà wá wo ṣọ́ọ̀bù kó tó gbowó, èmi ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ọmọ mi ní kó o máa lọ, òun ò ṣe mọ́." Ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú, Ìyá?" Mo ní, "Ṣé o fẹ́ fi ọmọ mi hàn mí ni?" Ó lọ. Bàbá yín dé, mo ní ẹnikẹ́ni ò yà. Ó ń retí rẹ̀, iná ló dé. Nígbà tó sáré lọ bá àwọn adójútòfò, wọ́n ní obìnrin kan nílé wa ló ní a ò ṣe mọ́. Ó pariwo wọlé: "Ta ni?" Kí ìyá yín tó la ẹnu, mo ti nàka sí i: "Òun ni! Etí mi yìí ni mo fi gbọ́." Ó wò mí. "Màmá, èmi?" Bàbá yín ní, "Ìyá mi ò lè purọ́ mọ́ ọ, máa lọ." Ẹ wo ìkà o: èmi ni mo tún bá a di ẹrù, kó lè tètè lọ!

Kò sì sẹ́ni tó béèrè pé, "Obìnrin wo? Ọmọdé ni àbí àgbà?" Ewú ni wọ́n wò. Ẹ̀yin náà, tí ìyá yín bá yà kí yín, ẹ ò dáhùn. Èmi ni mo kọ́ yín. Ẹ dìde lónìí, kí bàbá yín ṣáájú, ẹ lọ kúnlẹ̀ fún un. Ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbà ń purọ́, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ máa béèrè.