Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Ìkùn Fáànù

Ẹ̀yin èèyàn wa, a kú ará fẹ́ra kù. Ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí n sùn: bí a bá yọ ariwo kúrò lára ohùn ẹni tó ti lọ, ṣé ẹni náà ló kù, àbí ojú ọgbẹ́?

Ẹ mọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Akọrin á kọrin, ẹ̀gbọ́n mi á jókòó ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń to ohùn, wọ́n á dín ohùn tó wúwo kù, wọ́n á gbé èyí tó tín-ín-rín sókè, títí orin á fi gún. Alágídí ni wọ́n. Bí akọrin bá ní, "Àǹtí, ẹ bá mi fi kún ohùn mi," wọ́n á ní, "Mi ò fi kún un. Ohun tó jókòó lé e lórí ni mo máa gbé kúrò." Wọ́n á gé gìtá níbi tó ti ń dí i lọ́nà, ohùn akọrin á sì jáde.

Èmi tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n máa ń fi mí ṣe: "Àbúrò, o tún ń fetí sí ohùn kan ṣoṣo. Ta ló ń dá gbé ayé?"

Ẹni tó gba ohùn gbogbo èèyàn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ló ní lórí ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n ti ń dán máíkì wò. Fáànù àtijọ́ ń kùn lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin bẹ̀ mí pé kí n fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ lè gbọ́ ìyá òun kí a tó sin wọ́n láàárọ̀.

Mo gé ìkùn fáànù náà kúrò. Ohùn tó kù dà bí ti ẹni tó wà nínú agolo. Mo dá a padà, mo gé níbòmíràn. Ọmọ náà ní, "Bọ̀dá, èyí kọ́ ni màmá mi."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ibi tí fáànù ti ń kùn, ibẹ̀ náà ni ohùn tó ń ti àyà ẹ̀gbọ́n mi jáde ti ń dún. Bí mo bá lé ọ̀kan, ìkejì á bá a lọ. Níbo ni kí n gé? Igi tí mo fẹ̀yìn tì ló wó yìí. Ta ni kí n bi? Gbogbo ìwé tí mo kà, kò sí èyí tó dáhùn.

Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Ọmọ náà dijú. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ilé wa ṣe ń dún nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ. Kí ohunkóhun má jókòó lé yín lórí lọ́nà. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ ń gbọ́.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa àtùpà àìsùn wa. Bí mo bá tan ẹ̀rọ báyìí, ẹ óò gbọ́ fáànù, ẹ óò gbọ́ wọn: "Ọ̀kan, èjì. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn lóhùn.