Omi Tí Mo Fi Bọ́ Òṣíbàtà

Ẹ̀yin tó mú ìwé yìí dání, bí ẹ bá ti ra òṣíbàtà lọ́wọ́ mi rí ní Ìyànà Ìbà, ẹ má jẹun bí ẹ ṣe ń kà á. Òótọ́ inú rẹ̀ kò dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jáde lónìí.

Èmi Àríkẹ́ ni. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ má wo àṣìṣe. Mo ti ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ Sátidé ni ẹgbẹ́ onílé ní kí Adérónkẹ́, ọ̀rẹ́ mi, kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ajangbadi, pé òṣíbàtà inú adágún rẹ̀ ló ń mú kí àwọn èèyàn yàgbẹ́ gbuuru. Irọ́ ni. Tèmi ni.

Ọdún mẹ́jọ ni èmi àti Rónkẹ́ ti ń tà lórí tábìlì kan. Òun gbẹ́ adágún sẹ́yìn ilé tó háyà, èmi náà gbẹ́ tèmi. Àwọn tó ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ ń ra òdòdó; àwọn mìíràn a bó ọ̀pá rẹ̀, wọ́n á fi ata àti iyọ̀ jẹ ẹ́ ní tútù. Ewé ni wọ́n fi ń yan ọjà: èyí tó bá fẹ̀, òun ló dáa. Ti Rónkẹ́ ń fẹ̀ bí àwo. Tèmi rí bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Inú bí mi.

Mo pe ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe páìpù, mo ní kó fa omi ṣáláńgá àwọn ayálégbé mi wọ inú adágún mi. Ó fọwọ́ bo imú. Ó ní, "Màámi, ṣé nǹkan tí wọ́n ń jẹ náà kọ́ nìyí?"

Mo ní, "Ṣé ẹnu tìẹ ni wọ́n á fi jẹ ẹ́? Fà á, jàre."

Oṣù méjì, ewé mi fẹ̀ bí ọpọ́n. Rónkẹ́ pàtẹ́wọ́: "Àríkẹ́, ṣé ìrẹsì lo fi ń bọ́ tìẹ ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ń wò mí, mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ máa bú mi. Àmọ́ ta ni nínú yín tó bèèrè omi? Ewé lẹ ń wò.

Nígbà tí wọ́n gbé Motúnráyọ̀, oníbàárà wa kan, lọ sí ọsibítù pẹ̀lú oyún nínú, ọkọ rẹ̀, Timothy, sáré dé ìdí tábìlì wa. "Ta ló ni èyí tí ìyàwó mi jẹ?" Rónkẹ́ kò sí níbẹ̀. Ẹnu mi yára jù mí lọ: "Ti Rónkẹ́ ni." Motúnráyọ̀ yè, oyún náà dúró, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Èyí tó burú jù rèé. Ọjọ́ tí ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé wá dí adágún Rónkẹ́, èmi ni mo kọ́kọ́ da yanrìn sí i. Ó di apá mi mú: "Àríkẹ́, ìwọ náà? Ìwọ tó o mọ̀ pé omi kànga ni mò ń lò!" Mo já apá mi gbà. Mo da ṣọ́bìrì kejì.

Ẹ fi Rónkẹ́ sílẹ̀ nílé rẹ̀. Èmi ni kí ẹ lé. Mo ti gé páìpù, mo ti hú gbogbo òṣíbàtà mi dànù. Òun àti Motúnráyọ̀ ni mo kúnlẹ̀ fún. Mi ò kúnlẹ̀ fún ẹ̀yin tá a jọ gbé ṣọ́bìrì.

Bàbá Akínṣọlá, alága yín, ti gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ yìí: "Ta ló fa páìpù náà?" Mo ní èmi ni mo rán ẹni tó fà á, mi ò dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn á pe ọlọ́pàá. Ẹ pè wọ́n. Mo ti fún yín ní orúkọ kan rí, ẹ rí ohun tí a fi ṣe. Mi ò ní fún yín ní òmíràn. Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́.