Ọmọ Ti Wáyé, Kọ̀ǹpútà Ní Kò Tíì Dé

Nígbà tí ara mi ṣì le koko, tí mo ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé CMS láìsinmi... íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú nígbà náà. Àṣàkẹ́, ìwọ àtàwọn àbúrò rẹ, ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yín ni.

Ìyá yín lóyún Àṣàkẹ́ ní Lọ́ńdọ̀n. Múyì, bàbá yín, wá ṣe ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ló ti ń kọ ìròyìn fún gbogbo ẹbí. Pípe Lọ́ńdọ̀n nígbà yẹn, ẹ gbọ́, ó ń gbọ́n àpò gbẹ ni! Bẹ́ẹ̀ bí ọmọ náà bá jẹ́ obìnrin, mo fẹ́ kí n fún un ní oríkì màmá mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ìyá ìyá yín sì ti wà lọ́hùn-ún, ó ti di Àdùkẹ́, oríkì tó fẹ́ fún un, sẹ́nu!

Mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù Gàníyù, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣòwò. "Ìyá Múyì, wọ́n ní ìyàwó ò tíì bí." Mo padà lọ, kò tíì bí. Mo tún lọ, kò tíì bí! Ṣé oyún erin ni? Mo pe àwọn àlùfáà, mo din mọ́sà fún sàráà. À ń bẹ Ọlọ́hun kó sọ ìyá yín kalẹ̀ láyọ̀, Àṣàkẹ́, ìwọ ti ń mu ọmú ní Lọ́ńdọ̀n!

Kí ló fà á? Ìlà tẹlifóònù máa ń falẹ̀, èèyàn á jẹ gúgúrú tán kí ojú ewé kan tó yọ. Gàníyù wá ní kí kọ̀ǹpútà máa tọ́jú ẹ̀dà ohun tó bá ti lọ mú bọ̀. Tí a bá tún béèrè, kò lọ síbì kankan mọ́, èyí tó wà nílé ló ń bù fún wa. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ ti àná ni.

Ọjọ́ tí mo bú sẹ́kún ni Gàníyù tó rántí ẹ̀dà àtijọ́ yẹn. "Áà, Ìyá Múyì, ẹ má bínú! Ẹ jẹ́ kó lọ mú tuntun wá." Ó tẹ bọ́tìnnì kan. A dúró, a dúró... "Obìnrin ni! Òní ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ!"

Mo sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń pe fóònù. Ta ló ń rántí owó? Múyì ní, "Màámi, àlùfáà ti jókòó o!" Mo ní, "Gbé fóònù sétí ọmọ." Mo pè ọ́: "Àṣàkẹ́!" O figbe ta. Mo gbọ́ ohùn ìyá ìyá yín lẹ́yìn: "Ó ti jẹ́ Àṣàkẹ́. Kí n gbé Àdùkẹ́ tèmi jìnnà." Inú mi dùn, mo rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀yin ń rí ojú ara yín lórí fóònù báyìí, Ọlọ́hun ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún yín pé nǹkan kan ò tíì dé, ẹ bi í léèrè: ìgbà wo lo lọ wò ó gbẹ̀yìn?