Wákàtí Márùn-ún Ló Mú Mi Lé Ọmọ Mi Jáde

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí kò gbé ìpè mi mọ́. Oṣù kẹta rèé. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Mafoluku yóò sọ fún yín pé n kì í purọ́, n kì í sì gba irọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn, òun náà ló sì kó bá mi.

Ìgbà tí mo pé ẹni àádọ́ta ọdún ni mo tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé àgbà, ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ aṣọ rírán. Ìṣirò ló wù mí jù. Ṣadé ọmọ mi ti lo ọdún mẹ́rin ní Átílántà, ní Amẹ́ríkà, kó tó ní òun ń bọ̀ wá kí mi. Mo bi aládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú bí ibẹ̀ ṣe jìn tó. Ó ní ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kìlómítà, pé nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlá ni bàálù fi ń fò ó dé Èkó. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ọmọ dé, a dì mọ́ra, a sunkún ayọ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n gbéra? Ó ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ àná. Ìgbà wo ni wọ́n balẹ̀? Aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo mú ìwé mi, mo ka wákàtí mọ́kànlá: aago mẹ́rin ìdájí ló yẹ kí wọ́n balẹ̀! Níbo ni wákàtí márùn-ún gbà lọ?

Baba rẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn. Ọkùnrin náà kọ̀ wá sílẹ̀ nígbà tí Ṣadé ń rákò. Àdúgbò Àgọ́ Palace, ní Èkó níbí, ló ń gbé, mo sì ti búra pé n kò ní dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láéláé. Lọ́dún tó kọjá, Ṣadé bi mí lórí fóònù bóyá mo mọ ilé rẹ̀. Mo gbà pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà sí. Lójú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti àwọn ará ilé tó wá kí i káàbọ̀, mo ní, "Ṣadé, ọ̀dọ̀ ta lo ti ń bọ̀?"

"Màámi, láti pápákọ̀ òfurufú ni. Aago lọ́hùn-ún…"

"Pa ẹnu ẹ dé! Mo ti ṣírò ẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyá Ṣadé, jẹ́ kọ́mọ sọ̀rọ̀ tán, jọ̀ọ́." Mo ní ilé mi kì í ṣe ilé òpùrọ́, kó gbé àpótí rẹ̀ jáde. Ó gbé e. Kò tíì jẹun. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún là ń fi fà á mọ́ra. Èmi fi ọwọ́ méjèèjì tì í síta.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, olùkọ́ wa ní kí á mú ìṣirò wákàtí wá láti inú ohun tí ojú wa ti rí. Mo sáré síwájú, mo kọ ti Ṣadé sójú pátákó. Olùkọ́ wò ó, ó ní, "Màmá, aago ibẹ̀ kọ́ ni tiwa o. Bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá lu lọ́hùn-ún, mẹ́wàá alẹ́ ti lu níbí. Mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́sàn-án àárọ̀, wákàtí mọ́kànlá géérégé." Bàbá tí a jọ ń jókòó ní, "Ìyá Ṣadé, ẹ mà ti fẹ́ mú awakọ̀ bàálù lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo mọ̀ pé oúnjẹ àárọ̀ ni Ṣadé máa ń jẹ bí mo bá pè é lọ́sàn-án! Mo mọ̀ ọ́n, n kò fi sí ìṣirò.

Mo kó gbogbo àwọn tí mo dójú tì í níwájú wọn jọ, mo jẹ́wọ́ pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi pé nígbà tí Ṣadé kò rí ibi sùn lọ́jọ́ náà, òun lòun júwe ilé baba rẹ̀ ní Àgọ́ Palace fún un. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi padà sí Amẹ́ríkà. Ìpè baba rẹ̀ ló ń gbé báyìí. Ṣé ẹ rí i? Èmi fúnra mi ni mo fà á lé e lọ́wọ́! Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi tí n kò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni ńkọ́?

Lọ́la, mò ń lọ sí Àgọ́ Palace. Màá kan ilẹ̀kùn ọkùnrin náà, màá kúnlẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kó pe Ṣadé, kó gbé fóònù sí mi létí. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n má lọ, mo ti pinnu. Ìmọ̀ràn kan ni mo ń tọrọ: bí Ṣadé bá gbọ́ ohùn mi, tí kò sì tíì pa fóònù, ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ sọ?