Ààwẹ̀ Tí Tájù Gbà Lórí Òkè Yìnyín

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Irọ́ ti Tájù ò tilẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìsáré tó bẹ́ẹ̀. Ọdún kan péré ló sá kí òótọ́ tó gbá a lọ́rùn mú níbi ìṣínu Rámàdáánì, ní mọ́ṣáláṣí àwọn Yorùbá ní Langley Park lókè òkun, níṣojú tọmọdé tàgbà. Wọ́n ti jẹ dàbínù, wọ́n ti kírun, Alfa Nọ́fíù sì ti gba makirofóònù. "Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo Bọ̀dá Tájù! Lọ́dún tó kọjá, òun àti Abdulqoyyum gbààwẹ̀ lórí òkè yìnyín ní Kánádà. Arìnrìn-àjò ni wọ́n, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún wọn kí wọ́n jẹun, wọ́n ní àwọn ò jẹ! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ti hítà, omi lẹ̀ ń wá kiri!" Gbogbo ilé pariwo "Alláhù Akbar". Bí ariwo ṣe ń rọlẹ̀, Kamilah, ọmọ Tájù, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, fò dìde láàárín àwọn obìnrin. "Alfa, school wa máa lọ ski ní Pennsylvania ní Saturday. Èmi náà máa fast, bíi ti Daddy. No water at all!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Tájù dìde. Ó gba makirofóònù lọ́wọ́ Alfa, wọ́n rò pé àdúà ló fẹ́ ṣe fún ọmọ rẹ̀. Ó ní: "Kamilah, o ò gbọdọ̀ ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi, kí n tó tún ojo ṣe. Mi ò gbààwẹ̀ kankan lórí òkè yẹn."

Ká sòótọ́, Tájù mọ síkíì í yọ̀. Síkíì ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà láti fi sáré lórí sínóò. Níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Landover, níbi tó ti jẹ́ ọ̀gá ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, ló ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òun ló wá kọ́ Abdulqoyyum, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Abdulqoyyum fẹ́ràn Tájù bí ẹní fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n ọmọ ìyá. Tí Tájù bá ní àdàbà funfun ni ẹyẹ ìwò, Abdulqoyyum á ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí wọ́n ráyè lọ sí Kánádà, inú àwọn méjèèjì dùn bí ọmọ tó rí aṣọ ọdún. Ahéré onígi kan wà létí pápá yìnyín tí kì í yọ́ láti ọdún dé ọdún. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Láàárọ̀, wọ́n á fi síkíì gun òkè díẹ̀díẹ̀ tẹ̀lé Stephanie, obìnrin òyìnbó afinimọ̀nà tí kì í ṣàwàdà. Bí wọ́n bá dé òkè, wọ́n á já ara wọn sílẹ̀. Áà! Afẹ́fẹ́ á máa sú fèrè létí wọn, sínóò á máa fọ́n sókè lẹ́yìn wọn, Abdulqoyyum á máa ké "Yéèè! Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò mí o!" bí ẹni tó ra gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n ẹnu Tájù ló kó bá wọn. Rámàdáánì ti dé, ó sì ti ṣe fídíò ránṣẹ́ sí WhatsApp mọ́ṣáláṣí pé ààwẹ̀ ò ní já lórí òkè. Abdulqoyyum rọra bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé a kì í ṣe arìnrìn-àjò ni? Ẹ jẹ́ ká san án padà tá a bá délé." Tájù ní, "Ìwọ ṣáà máa wò mí. Ohun tí mo bá ṣe ni kó o ṣe." Stephanie máa ń bi wọ́n ní gbogbo àárọ̀ bóyá wọ́n ń mu omi dáadáa, torí òùngbẹ lórí òkè ń pààyàn láìjẹ́ kó mọ̀. Tájù á dáhùn fún àwọn méjèèjì pé wọ́n ń mu ún gan-an ni. "Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀," Tájù sọ fún àwọn èèyàn ní mọ́ṣáláṣí, "èmi ni mo di í lójú. Ká ní mo sòótọ́ ni, ì bá ní ká mumi tàbí ká má jáde."

Tájù gan-an fara dà á lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, ètè rẹ̀ bó, orí rẹ̀ ń fọ́. Stephanie ti ní kí wọ́n máa gbé fíláàsì tíì oníṣúgà kan dání, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án àfi tí nǹkan bá ṣe ẹnikẹ́ni. Abdulqoyyum ló ń pò ó, Tájù ló ń gbé e sínú báàgì. Ni Tájù bá ní òun fẹ́ tọ̀, ó yà sẹ́yìn àpáta, ó ṣí i, ó sì mu ún. "Ó dùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò ní parọ́ fún yín mọ́, ó dùn." Ìtọ̀ wá pọ̀ lára Tájù lọ́jọ́ yẹn ju ti aláboyún lọ. Nígbà tí wọ́n fi dé òkè, fíláàsì ti gbẹ. Abdulqoyyum sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ ti jìn sínú. "Ẹ̀gbọ́n, òòyì ń kọ́ mi. Ṣé n lè fẹnu kan omi díẹ̀?" Tíì gbígbóná ṣì wà nínú Tájù nígbà tó dáhùn pé, "Mú sùúrù, àbúrò. Èmi dà, tí mi ò mu nǹkan kan? Ó kù díẹ̀."

Ní mọ́ṣáláṣí, makirofóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tájù nu ojú, ó tẹ̀ síwájú, torí èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, Abdulqoyyum fi síkíì yà lẹ́ẹ̀kan, ó yà lẹ́ẹ̀kejì, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀. Ó ń yí gbirigbiri lọ síbi tí yìnyín ti lanu bí kànga. Tájù lọgun orúkọ rẹ̀. Etí kòtò yẹn gan-an ni Ọlọ́hun ti dá a dúró, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ há sínú rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ yìnyín, wọ́n gbẹ́ ẹ, kí wọ́n tó yọ ẹsẹ̀ náà. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè sọ̀rọ̀ já gaara. Stephanie kígbe pé, "Tíì dà? Gbé e wá kíá!" Tájù fa fíláàsì tó ṣófo yọ. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó ní, "Abdulqoyyum ni kò dé e dáadáa. Ó ti dà nù." Ọmọ tó ń kú lọ, ètè rẹ̀ funfun bí ẹfun, gbójú sókè, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Àṣìṣe mi ni."

Òtútù ti pa ẹsẹ̀ òsì náà, ọmọ ìka méjì ni wọ́n gé níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Abdulqoyyum ti ń tọrọ àforíjì, ní ọsibítù, nínú mọ́tò, lójú Abibat ìyàwó rẹ̀. Abibat ti fi ọ̀rọ̀ ìdérí fíláàsì yẹn bú u títí. Tájù sì ń dáhùn pé, "Kò burú, mo ti gbàgbé." Ó kọjú sí gbogbo ilé, ó ní: "Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi gan-an ni mo wọ́ ọ. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má ṣe ìsìn nítorí àtẹ́wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí àgbàlagbà kankan fi ọ̀wọ̀ dí yín lẹ́nu tí ẹ̀mí yín bá wà nínú ewu. Abdulqoyyum, o ò ṣe nǹkan kan. O dé e dáadáa." Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù lọ. Àwọn àgbà figbe ta pé kó dìde, èèwọ̀ ni. Alfa na ọwọ́ sí i, Tájù ò mì.

Abdulqoyyum rọra dìde, ó tiro wá síwájú. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Kamilah ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. "Kamilah, máa mu omi lórí òkè yẹn. Ṣó o gbọ́?" Ọmọ náà ń sunkún, ó ní òun gbọ́. Abdulqoyyum wá wolẹ̀ wo ọkùnrin tó nà sílẹ̀. "Tájù, dìde," ó wí. "Mo ti forí jì ẹ́ nítorí Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yẹn, n kò ní lè pè ẹ́ mọ́."