Òǹgbẹ Ló Pa Àwọn Eku Yẹn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Ǹ bá tún gbé e mì, ṣùgbọ́n àbúrò ìyá mi ní Ìlọrà ò lè dìde mọ́ àfi tí wọ́n bá dì í mú, ẹ̀bi mi sì ni.

Àìsàn tó ń ṣe é ni mo ń wádìí ní yunifásítì. Àwọn ọmọ-ogun inú ara ló ń ṣìnà, tí wọ́n ń gbógun ti ọpọlọ tó yẹ kí wọ́n ṣọ́. A máa ń fi abẹ́rẹ́ dá irú rẹ̀ sí eku funfun lára. Ìrù wọn á kọ́kọ́ rọ, lẹ́yìn náà wọ́n á máa wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀. Mo ń fún apá kan ní àgbo ewé kan tó hù lẹ́yìn ilé wa ní Fìdítì. Apá kejì ò gba oògùn kankan.

Eku tó bá ti rọ lẹ́sẹ̀ kò lè nàró dé ìgò omi. Èèyàn ní láti sọ ìgò náà kalẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó ṣáájú ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, mọ́tò Fìdítì ti ń fọn fèrè níta. Èmi ni alága ìkórè. "Dókítà" ni wọ́n kọ ṣáájú orúkọ mi nínú ìwé ìpè, bẹ́ẹ̀ n kò tíì gboyè. Mo sọ ìgò kalẹ̀ fún àwọn tó ń mu àgbo, mo gbàgbé àwọn yòókù, mo sáré jáde. Ẹ jọ̀ọ́, n kì í ṣe ìkà. Agbádá tí mo fẹ́ wọ̀ ni mò ń rò.

Nígbà tí mo padà lọ́jọ́ Ajé, gbogbo àwọn tí kò mu àgbo ti kú sábẹ́ ìgò tó kún fún omi.

Ọ̀gá mi, ọ̀jọ̀gbọ́n tí kì í rẹ́rìn-ín, fò sókè. "Ewé rẹ ṣiṣẹ́! O ti di èèyàn ńlá!"

Mo bo ọ̀rọ̀ ìgò náà mọ́lẹ̀. Èèyàn ńlá náà wù mí.

Ìròyìn ti ṣáájú mi dé Ìlọrà. Àbúrò ìyá mi bi mí pé, "Dókítà wa, ṣé mo tún nílò abẹ́rẹ́ ọsibítù báyìí?"

"Ewé yẹn lágbára, Mọ̀mí," ni mo fi dá a lóhùn.

Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí nǹkan! À ń tẹ ìwòsàn mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, à ń wọ mọ́tò lọ ọsibítù!"

Kò gba abẹ́rẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà, àgbo ewé yẹn nìkan ló ń mu.

Bí ibi tí mo wà bá ti parọ́rọ́ báyìí, mo máa ń gbọ́ èékánná àwọn eku yẹn tó ń ha irin àgò wọn. Wọ́n ń gbóòórùn omi náà. Bí mo bá jẹ́wọ́, oyè mi lọ. Bí n kò bá jẹ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń lọ.

Lánàá ó pè mí. "Dókítà wa, ewé ti tán. Má bínú sí mi, iṣẹ́ rẹ dáa. Ìgbàgbọ́ tèmi ni ò tó."

Òun ló ń bẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu wo ni kí n fi dá a lóhùn?